Àwa Méjì Tí Kọ̀ǹpútà Kà sí Ẹnìkan

Ọdún tí mo wọ SS1 ni wọ́n fẹ̀sùn kàn mí pé mo jíwèé wò nínú ìdánwò. Àwa méjì ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, èmi àti ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi rárá: orúkọ àbísọ kan náà, orúkọ bàbá kan náà, lẹ́tà dé lẹ́tà. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, nítorí pé kì í ṣe tèmi nìkan. A kì í ṣe ẹbí. Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìjọ ti pẹ́, ọ̀pọ̀ bàbá àgbà ló gba orúkọ inú Bíbélì nígbà ìrìbọmi, orúkọ náà ló sì di orúkọ ìdílé wọn. Nítorí náà kì í ṣe ohun ìyanu kí ìdílé méjì tí kò mọ ara wọn rí máa jẹ́ orúkọ kan. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí ọmọ wọn tún bá ara wọn pàdé nínú kíláàsì kan ṣoṣo.

Rore ni ilé wa. Bàbá mi jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Màmá mi ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń yan gààrí tà. Láràárọ̀ ni ọlọ́kadà kan máa ń gbé mi lọ sí Òmù-Àrán, níbi tí ilé-ìwé wa wà. Èkejì mi wá láti Èkó. Àwọn òbí rẹ̀ ló ní kó wálé wá máa gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń jáde kí ọmọ tó jí, wọ́n ń wọlé lẹ́yìn tó bá ti sùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, tíṣà pe orúkọ, ohùn méjì ló dáhùn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe òun ní Ti Èkó, tí wọ́n ń pe èmi ní Ti Rore.

Kò gbọ́ Ìgbómìnà. Yorùbá rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà rẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, á kàn máa wo ẹnu ìyá náà ni. Ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti máa ń dúró de ọlọ́kadà mi lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ògbufọ̀. Ìyá á ní kó lọ ká aṣọ wọlé kí eruku ọyẹ́ tó bà á, òun á gbé ìgbálẹ̀ wá. Mo gbádùn iṣẹ́ náà, nítorí pé ní kíláàsì òun ló ń ràn mí lọ́wọ́. Ìṣirò rọrùn fún un bí ẹni ń mu omi. Èmi, bí mo bá ti rí lẹ́tà láàárín nọ́ńbà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni Ágíríìkì. Inú oko ni mo dàgbà sí, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ mi nípa ebè àti èso tí màmá mi kò tíì fi bá mi jà. Òun kò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí ewé ẹ̀wà. Ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà kan pé orí igi ni ẹ̀pà ti ń so.

Tẹ́lẹ̀, àwọn tíṣà ló máa ń jókòó pọ̀ ní ìparí sáà, tí wọ́n á fi bírò pupa ro máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àgùnbánirọ̀ kan wà ní ilé-ìwé wa, ọmọ Ìbàdàn, tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́pà. Ó ní òun á fi kọ̀ǹpútà òun ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí iná tó ṣeé gbára lé ní ilé-ìwé, nítorí náà a máa ń rí i tó ń gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kọjá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan tó ní sólà. Inú àwọn tíṣà dùn. Wọ́n kó máàkì fún un, wọ́n sì lọ sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pín èsì. Tíṣà kíláàsì wa, ọkùnrin kan tó ń kọ́ wa ní Físíìsì, pe orúkọ wa, ó na ìwé èsì méjì sí wa lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo tèmi. Ìṣirò mi lé ní ọgọ́rin. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo wo Ágíríìkì, kò tó ogójì, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà Ágíríìkì ti gbé ìwé ìdánwò mi sókè níwájú gbogbo kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tó ní kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Ipò kẹta ni wọ́n kọ sísàlẹ̀. Kí n tó lè sọ nǹkan kan, tíṣà ti gba ìwé méjèèjì padà. Ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ó ń fi ìka tọ̀ wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Orúkọ yín bára mu, mi ò bá a jà," ló wí. "Máàkì yín náà bára mu? Ní gbogbo iṣẹ́?"

Ó gbé ojú sókè wò wá.

"Níbo lẹ jókòó sí nígbà ìdánwò?"

Orúkọ ni wọ́n fi tò wá, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ara wa la wà. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ká ìwé èsì náà, ó dá a padà fún wa, ó ní kí a mú òbí wa wá ní ọjọ́ Ajé.

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Ọlọ́kadà mi bi mí ohun tó ń ṣe mí, mo sì sọ fún un, àṣìṣe ńlá nìyẹn, torí pé kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo Rore ló ti gbọ́. Bàbá mi gba ìwé èsì náà, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, ó wò ó títí. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró níbi Ìṣirò. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé nọ́ọ̀sì ni mo máa ṣe.

"Ìwọ lo gba èyí?"

"Èmi kọ́, sà."

"Ta wá ni? Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?"

"Orúkọ mi ni, sà. Ṣùgbọ́n máàkì mi kọ́."

"O wo ìwé ọmọ yẹn?"

"Mi ò wò ó, Bàámi."

Màmá mi ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò gbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ni Bàbá mi sọ ohun tí mi ò retí. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní ẹ̀rù ìdánwò lè mú kí ènìyàn má mọ ohun tó kọ. Bí wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ Ajé, kí n sọ pé mi ò wo ìwé ẹnikẹ́ni, kí n sì dákẹ́ síbẹ̀. Kí n má tún sọ fún wọn pé máàkì mi kọ́.

"Ágíríìkì ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Ta ló ń béèrè Ágíríìkì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì?"

Mi ò rí ibi jókòó sí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo gbá àgbàlá, mo tún un gbá. Mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe ẹ̀sùn náà nìkan. Bí mo bá sọ òótọ́, Ìṣirò á lọ. Bí mo bá dákẹ́, èsì sáà kìíní yìí ni wọ́n máa fi gbé mi sí kíláàsì Sáyẹ́ǹsì, n óò sì jókòó síbẹ̀ títí dé SS3 pẹ̀lú ọgbọ́n tí mi ò ní. Àti pé ta ló gba Ágíríìkì mi? Mo mọ̀ pé ibì kan ló wà. Ó ń dùn mí bí ìgbà tí ènìyàn bá gbin nǹkan, tó padà lọ síbẹ̀ tó rí i pé wọ́n ti wà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ní kí màmá mi jẹ́ kí n bá a gbé gààrí lọ fún oníbàárà rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Ó wò mí, ó mọ ibi tí mò ń lọ, ó di gààrí náà fún mi. Nígbà tí mo já gààrí náà sílẹ̀, ilé ìyá àgbà Ti Èkó ni mo gbà lọ. Ọkọ̀ kan wà níwájú ilé, eruku bò ó dé gíláàsì. Àwọn òbí rẹ̀ ti dé fún ọdún Kérésì. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kú àárọ̀, mà," ni mo wí, mo kúnlẹ̀.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ni ẹni tó ń wo ìwé ọmọ mi?"

Ojú mi gbóná. Ìyá àgbà fọhùn láti inú yàrá, ní Ìgbómìnà, pé kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, pé ọmọ ilé òun ni. Ìyàwó ilé náà kò dáhùn, bóyá kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ti Èkó jáde sí mi, a lọ dúró sẹ́yìn ilé níbi ìkòkò omi. Kò wo ojú mi.

"Máàkì mi ni gbogbo ẹ̀," ló wí. "Mo mọ ohun tí mo kọ. Mo ti sọ fún wọn pé bóyá èmi ni mo ṣí ìwé mi sílẹ̀ láìmọ̀."

Ó rò pé mo jí tirẹ̀ wò. Ọ̀rẹ́ mi. Ó tiẹ̀ fẹ́ gbà mí sílẹ̀ ni, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Mo ti ṣe tán láti bínú lọ, kí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Èló lo gbà ní Ágíríìkì?"

Ó sọ fún mi. Kò tó ogójì, máàkì kan náà pẹ̀lú tèmi.

"Bó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń wo ìwé ẹlòmíràn," ni mo wí, "ṣé Ágíríìkì ìwọ ni màá wò?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni." Ó tún un sọ. "Kọ́pà ló ṣe èsì náà," ló wí wàyí. Kò wọlé lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí a fi jáde gba ẹ̀yìnkùlé.

A bá Kọ́pà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó jókòó lórí àpótí, ó ń dúró kí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mu iná. A kí i, a ṣàlàyé. Ó mi orí.

"Kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn," ló wí. "Ohun tí àwọn tíṣà yín bá kó fún mi ni mo tẹ̀ sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá wa wò ó, sà," ni mo wí.

Ó ṣí i. Ó fi hàn wá, bóyá kí a lè tètè lọ. Ó ní àtẹ méjì ló wà. Inú àtẹ kìíní ni òun tẹ máàkì gbogbo wa sí, orúkọ àti nọ́ńbà ìwọlé lápá òsì, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀ lápá ọ̀tún. Àtẹ kejì ló di ìwé èsì. Òun kò tún máàkì tẹ̀ sí ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó láyè fún bẹ́ẹ̀. Òun kàn sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó mú orúkọ ọmọ tó bá wà níbẹ̀, kó lọ wá orúkọ náà nínú àtẹ kìíní láti òkè wá sísàlẹ̀, bó bá sì ti rí i, kó gbé máàkì tó wà níwájú rẹ̀ wá.

"Bó bá rí méjì ńkọ́?" ni Ti Èkó béèrè.

Kọ́pà tún wo àtẹ náà. "Kì í rí méjì," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ibi tó bá ti kọ́kọ́ rí i ló máa dúró sí."

Ó padà sí àtẹ kìíní, ó ń yí i sọ̀ kalẹ̀. Orúkọ wa wà níbẹ̀, tirẹ̀ lókè, tèmi ní ìlà tó tẹ̀lé e. Níwájú tèmi ni máàkì mi wà, gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó wá wọn wá. Mo wo Ágíríìkì. Ọgọ́rùn-ún ni ọkàn mi fẹ́ rí, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni mo rí, ó sì tó mi. Mo wo Ìṣirò: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo ti mọ̀, síbẹ̀ mo tún un kà.

Olóògùn tó ń ta oògùn ibà fún obìnrin kan yí padà wò wá, nítorí pé Kọ́pà ti di orí mú.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ gbọ́, ó ṣeé tún ṣe. Nọ́ńbà ìwọlé yín yàtọ̀ síra. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kí n ní kó máa wá, kì í ṣe orúkọ. Màá tún un ṣe lónìí, màá tẹ ìwé èsì tuntun fún yín. Ẹ kàn má jẹ́ kó di ariwo. Ọ̀gá yín ló máa kọ ìwé ìparí iṣẹ́ mi."

Ti Èkó gbà. Ó ti rí i pé kò sí ohun tó kan òun mọ́. Èmi kò gbà.

"Wọ́n ti pe òbí wa, sà," ni mo wí. "Gbogbo Rore ló ti gbọ́ pé mo jíwèé wò. Ìwé tuntun kò lè sọ fún wọn pé mi ò jí i wò."

Ó wò mí. Ọmọdé ni òun náà, mo wá mọ̀ nísinsìnyí, bóyá kò ju ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Ó ní, "Màá wá lọ́jọ́ Ajé." Kò sọ ohun tó máa sọ nígbà tó bá dé.

Ọjọ́ Ìsinmi gùn. Bàbá mi wọ agbádá alàgbà rẹ̀, ó rìn wọ inú ìjọ pẹ̀lú orí lókè, àwọn ènìyàn sì kí i pẹ̀lú ohùn tí kò rí bí ti tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ó ní kí n jẹ́ kí a kọ́kọ́ jọ́sìn. Nínú ìsìn, mò ń dìde nígbà tí wọ́n bá jókòó. Bí Kọ́pà kò bá wá ńkọ́? Bó bá wá, tó ní àwọn tíṣà ló kó máàkì tí kò dáa fún òun ńkọ́? Màmá mi gbá apá mi mú, ó tẹ̀ mí jókòó, kò sì fi apá náà sílẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, gbogbo wa kó sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé: ọ̀gá fúnra rẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò ga; tíṣà wa; bàbá mi; àwọn òbí Ti Èkó; àwa méjì lẹ́bàá ògiri. Kọ́pà kò sí níbẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ilé-ìwé náà kì í gba irú nǹkan báyìí, ó ní kí a yan ẹni tó jí i wò láàárín ara wa, kí ìyà má bàa jẹ àwa méjèèjì. Bàbá Ti Èkó ní ọmọ òun kò jíwèé wò rí. Bàbá mi ní ọmọ òun náà kò jíwèé wò. Wọ́n ń wo ara wọn. Mo gbọ́ ara mi tí mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, máàkì yẹn kì í ṣe tèmi."

Bàbá mi yí padà sí mi. Mi ò tíì rí ojú yẹn lára rẹ̀ rí.

"Tirẹ̀ ni," ni mo wí, mo tọ́ka sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Tèmi wà nínú kọ̀ǹpútà."

Ọ̀gá ní kí n ṣàlàyé, mo bẹ̀rẹ̀, ó dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Níbi tí mo ti ń kólòlò ni Kọ́pà kan ilẹ̀kùn. Òógùn bò ó, láptọ́ọ̀pù wà lábẹ́ apá rẹ̀. Iná ló ń dúró dè. Ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn, kò sì yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní àṣìṣe òun ni. Ó gbé e sórí tábìlì ọ̀gá, ó fi ìlà méjèèjì hàn wọ́n, ó sì sọ fún wọn bí ó ṣe ń dúró sí orúkọ tó bá kọ́kọ́ rí.

Tíṣà kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ kó ìwé ìdánwò wa wá, ọ̀gá sì ní kí wọ́n kó o wá. Wọ́n tú u sílẹ̀. Máàkì tó wà lórí ìwé mi, tí bírò pupa kọ, ni èyí tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀, láìku kan. Tíṣà Físíìsì ka tèmi tán, ó kó o jọ, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé." Kò tọrọ àforíjì. Ọ̀gá ló tọrọ rẹ̀, ó dìde lórí àga kí ó tó sọ ọ́, lọ́wọ́ bàbá mi àti lọ́wọ́ bàbá kejì. Ìyá Ti Èkó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Nígbà tí a jáde, ó fọwọ́ kan èjìká mi fẹ́rẹ́, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Èmi àti bàbá mi padà sí Rore. Ìwé èsì tuntun wà nínú àpò rẹ̀. Ipò kọkànlá ni mo wà. Ó jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó kà á, ó sì pè mí. Mo rò pé Ìṣirò ló fẹ́ bá mi sọ.

"Kí ni wọ́n bi yín nínú Ágíríìkì yìí?"

Mo sọ ìbéèrè kan fún un, nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iṣu kó má bàa jẹrà. Ó ní kí n dá a lóhùn bí mo ṣe kọ ọ́. Mo dáhùn. Ó béèrè òmíràn. Màmá mi fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó jókòó tì wá, ó ń já ọ̀rọ̀ mi gbà ní ibi tó bá rò pé mi ò sọ ọ́ tó.

Kọ́pà parí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá sì kọ ìwé fún un. Mo gbọ́ pé ìwé náà dára. Ti Èkó padà sí Èkó ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ náà, nígbà tó ti gbọ́ Ìgbómìnà tó láti bá ìyá àgbà rẹ̀ jà. A ṣì ń pe ara wa lórí fóònù. Èmi kò ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni mo sì ń ṣiṣẹ́, láàárín Ìjàrà-Ìsin àti Oro-Ago, lórí ọ̀nà tó ń fọ́ ìdí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n Ìṣirò kò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láìsí i. Ìsinmi Kérésì yẹn gan-an ni bàbá mi gbé pátákó kékeré kan wá láti ilé-ìwé rẹ̀, ó fi ti igi máńgòrò. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ètè wa ń là, á kọ ìṣirò kan sí i, á ní kí n wá ṣe é. N óò dìde, n óò jókòó, n óò lọ mu omi. "Jókòó dáadáa," á wí, kò sì ní gbé ohùn rẹ̀ sókè. A jà lórí pátákó yẹn. Mo sunkún lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ á ṣi í ṣe, á dúró, á máa wò ó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, màmá mi á sì máa rẹ́rìn-ín nídìí ààrò. Mo yege rẹ̀ nígbẹ̀yìn nínú ìdánwò àṣejáde, mo kàn kọjá lásán ni. Bàbá mi gba ìwé èsì náà, ó wo orúkọ, ó wo nọ́ńbà, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi, jẹ́ẹ́jẹ́, bóyá tèmi ni.

Mo ní, "Tèmi ni, sà."